Ẹ̀gún Tó Ń Rìn Lórí Òtilì: Báwo Ni Mo Ṣe Lè Ya Fọ́tò Rẹ̀?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí, ní abúlé kan lẹ́bàá Ilé-Ifẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo rí nǹkan kan lórí òtilì tó wà lẹ́yìn kíláàsì wa. Ẹ̀gún ni mo pè é, àfi ìgbà tó rìn. Kí n tó yọ fóònù lápò, ó ti fò lọ. Àwọn ọmọ kíláàsì mi ò gbà mí gbọ́ títí di òní. Kí ni kòkòrò náà? Báwo ni mo ṣe lè rí irú rẹ̀ mìíràn, kí n sì yà á kó hàn kedere? Fóònù nìkan ni mo ní. Ṣé kò sì léwu fún àwọn ọmọ?

ÌDÁHÙN: Tíṣà, ẹ kú làálàá àwọn ọmọ. Òótọ́ lẹ rí. Kòkòrò tí wọ́n ń pè ní treehopper lédè Gẹ̀ẹ́sì ni. Ohun tó jọ ẹ̀gún yẹn kì í ṣe orí kòkòrò náà; èèpo líle tó bo èjìká rẹ̀ ló gùn sókè tó sì ṣe ṣóńṣó. Oje igi ló ń mu, ẹnu rẹ̀ rí bí abẹ́rẹ́. Kì í ta ènìyàn, kò sì léwu fún ọmọ kankan. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ló fi ń ta pọ́ún bí ẹni tí wọ́n fi rọ́bà ta, ìdí nìyẹn tí ẹ fi pàdánù rẹ̀.

Oje tó ń mu yẹn dùn ju bí ara rẹ̀ ṣe nílò rẹ̀ lọ, nítorí náà ó ń tú èyí tó ṣẹ́kù jáde nídìí, kán-ún, kán-ún. Àwọn èèrà mọ̀. Wọ́n á gun igi náà lọ, wọ́n á máa lá omi dídùn yẹn, wọ́n á sì máa lé ọ̀tá sẹ́yìn fún un. Tí ẹ bá padà sídìí òtilì náà, ẹ má wá ẹ̀gún rárá. Ẹ wá èèrà. Bí ẹ bá rí wọn tí wọ́n tò gun ẹ̀ka tí kò ní òdòdó, tí kò ní èso, ẹ fi ojú tẹ̀lé wọn títí dé ibi tí wọ́n kóra jọ sí. Ó ṣeé ṣe kí ẹ̀gún yín wà níbẹ̀.

Bí mo ṣe ń ṣe iṣẹ́ fọ́tò kòkòrò yìí láti ogún ọdún ó lé nìyẹn: oúnjẹ kòkòrò ni mo ń wá, mi ò kì í wá kòkòrò. Labalábá ńláńlá kan wà nínú igbó wa tó nípọn láyà, tí apá ẹ̀yìn rẹ̀ ní ìrù méjìméjì. Ẹ lè dúró ti òdòdó láti àárọ̀ dalẹ́ kẹ́ ẹ má rí i. Ṣùgbọ́n ẹ gé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ̀n kọjá àlà, ẹ da ẹmu díẹ̀ sí i, ẹ gbé e kọ́ ẹ̀ka igi. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, ó ti dé, á sì máa mu débi pé ẹ lè fi fóònù kan ìyẹ́ rẹ̀. Ẹ tún wo tata aláwọ̀ dúdú àti ofeefee tó ń dà wá láàmú lóko pákí. Tí ewé Akíntọ́lá bá ti tanná lásìkò ọyẹ́, ibẹ̀ ló ń rọ́ lọ, ó ń kó oró inú òdòdó náà pamọ́ sára. Ẹran tó bá jẹ ẹ́ á kábàámọ̀, nítorí náà kì í kánjú sá. Òun ni kí ẹ kọ́kọ́ fi kọ́ ọwọ́.

Dídúró sójú kan ṣe pàtàkì ju ìrìn lọ. Lọ́jọ́ kan mo jókòó sídìí ògiri alámọ̀, mò ń dúró de agbọ́n. Mo rí ìdọ̀tí kékeré kan tó sún. Mo ní atẹ́gùn ni. Ó tún sún. Mo dojú bolẹ̀: òkú èèrà ni wọ́n dì jọ bí ẹrù igi, eruku bò wọ́n, kòkòrò kan sì wà lábẹ́ wọn tó rù wọ́n. Á gún èèrà, á fa inú rẹ̀ mu gbẹ, á wá lẹ èèpo rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ara rẹ̀, kí ohun tó ń dọdẹ rẹ̀ má baà dá a mọ̀. Ká ní mo ń rìn kiri ni, mi ò bá ti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Aago 6:30 sí 8:00 àárọ̀ ló dára jù. Oòrùn ló ń yá ọ̀pọ̀ kòkòrò lára. Kó tó ràn, ẹsẹ̀ wọn wúwo, ẹ ó bá lámilámi tí ìrì ṣì wà lójú ìyẹ́ rẹ̀ tí kò lè fò. Láàárín ọdún, ìgbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀ ni kí ẹ múra sí.

Ó wá ku fọ́tò. Ẹ kọ́kọ́ yà á láti ibi tí ẹ dúró sí, bó ti wù kó kéré tó; tó bá fò, ẹ ó ṣáà ní ẹ̀rí fún àwọn ọmọ yín. Lẹ́yìn náà, ẹ sún mọ́ ọn jẹ́jẹ́ láti ẹ̀gbẹ́. Ẹ má jẹ́ kí òjìji yín bọ́ lé e, nítorí òjìji ni ẹyẹ kọ́kọ́ fi ń kan kòkòrò. Ẹ fi ọwọ́ òsì di ẹ̀ka náà mú, kí ẹ wá fi ìka kékeré ọwọ́ tó mú fóònù ti ẹ̀ka yẹn kan náà. Bí atẹ́gùn bá fẹ́, ẹ̀yin àti kòkòrò náà lẹ jọ máa mì, fọ́tò ò ní rí bàìbàì. Èyí nìkan ti gba iṣẹ́ mi là ju kámẹ́rà olówó ńlá lọ.

Ẹ tẹ ojú kòkòrò náà lórí fóònù, kí ẹ má ká ìka kúrò títí fóònù á fi dì í mú. Láti ìgbà náà, ara yín lẹ ó máa sún síwájú sẹ́yìn bíńtín, ẹ sì máa yà láìdúró. Nínú ogún, ọ̀kan á mọ́. Níbi tó sún mọ́ra báyìí, ibi tó ń hàn kedere tẹ́ẹ́rẹ́ bí ewé, nítorí náà ẹ jẹ́ kí ojú fóònù dọ́gba pẹ̀lú gbọọrọ ara rẹ̀. Ẹ má fi ìka fẹ àwòrán lójú. Tí oòrùn bá le lápá kan, ẹ ya ojú ìwé funfun kan nínú ìwé àwọn ọmọ, ẹ gbé e sí apá kejì, ìmọ́lẹ̀ á padà sára rẹ̀. Bówó bá wà, lẹ́ńsì kékeré tí wọ́n ń há mọ́ fóònù dára.

Àwọn kan ń ti kòkòrò bọ inú fíríìjì kó má baà lè rìn. Mi ò fara mọ́ ọn. Ó ń pa á lára, fọ́tò náà ò sì sọ ohunkóhun fún wa nípa bó ṣe ń gbé.

Ẹ lè ta aṣọ funfun lálẹ́, kí ẹ tan gílóòbù síwájú rẹ̀. Àfòpiná ńlá tó ní ojú lára ìyẹ́ lè bà lé e; ọjọ́ díẹ̀ ló ń lò láyé, kò ní ẹnu tó fi ń jẹun. Ṣùgbọ́n ẹ kìlọ̀ fáwọn ọmọ nípa kòkòrò tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń bá wọn wá: kò gùn tó sẹ̀ǹtímítà 1, orí àti ìdí rẹ̀ dúdú, àyà rẹ̀ pọ́n bí ọsàn, ìyẹ́ rẹ̀ kúrú. Kì í ta ni, ṣùgbọ́n bí a bá tẹ̀ ẹ́ pa mọ́ ara, oje rẹ̀ á bó awọ bí iná. Ẹ fẹ́ ẹ dànù lẹ́nu ni. Tó bá ti fọ́ sára ọmọ, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀, kó má sì fọwọ́ nu ojú.

Ẹ kọ ọjọ́, ibi, àti orúkọ igi tí ẹ ti rí i. Bí ẹ bá gbé e sórí iNaturalist, ìyẹn ìkànnì orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí àwọn ènìyàn ń kó fọ́tò ohun ẹlẹ́mìí sí, ọ̀fẹ́ ni, àwọn tó mọ kòkòrò á bá yín wá orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n láìsí ọjọ́ àti ibi, kò wúlò púpọ̀ fún wa. Kí ẹ tó kúrò nídìí òtilì náà, ẹ ya fọ́tò ẹ̀ka ibi tó bà lé pẹ̀lú, ní pàtàkì ibi tí èèpo rẹ̀ bá là tẹ́ẹ́rẹ́. Inú irú ojú gígé bẹ́ẹ̀ ni ìyá wọn ń yé ẹyin sí.