Ẹ Bi Ìyá Òró: ìwé kéú nínú àpò awọ, ère nínú yàrá, àwòrán lára ògiri

Lẹ́tà oṣù yìí pọ̀, ọ̀rọ̀ ẹrù ìdílé àti ẹrù ìlú ló sì kún inú wọn. Mo mú mẹ́rin. Ti Òkè Àpómù ni mo dúró lé lórí jù, nítorí kò ṣeé fi dọ̀la, mo sì mọ̀ pé agbo ilé tí irú rẹ̀ wà ní Ìlọrin kò kéré.

Láti Òkè Àpómù, Ìlọrin

Àsàlámù àlékùn, ìyá wa. Àáfà ni bàbá tó bí bàbá mi, wọ́n sì fi àpò awọ méjì sílẹ̀ tó kún fún ìwé tí wọ́n fọwọ́ kọ. Ẹ̀gbọ́n wa tó ń tọ́jú wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣaláìsí. Ìgbà tí a ṣí àpò, ikán ti jẹ ẹ̀gbẹ́ kan, àwọn ewé yòókù sì ti dàrú mọ́ra wọn. Àbúrò mi kan ní ká lọ lámínéètì gbogbo rẹ̀. Èkejì mú oníṣòwò kan wá tó fẹ́ fi owó gidi rà á. Èmi ni àgbà ilé báyìí. Kí ni kí n ṣe?

*Èsì:* Wàálékùmù sàlámù, Àáfà. Kí Ọlọ́run fi Àlùjánnà kẹ́ ẹ̀gbọ́n yín.

Ẹ jẹ́ kí oníṣòwò yẹn máa lọ. Bó bá ra ìwé yẹn, ewé tí wọ́n fi tàdáwà pupa àti dúdú ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ ni yóò máa yọ tà lọ́kọ̀ọ̀kan fún àwọn tó fẹ́ gbé e kọ́ ògiri, yóò sì da ìyókù nù. Inú ìyókù yẹn gan-an ni orúkọ olùkọ́ bàbá yín lè wà. Owó á tán kí Iléyá tó dé, ìwé ò sì ní padà wálé mọ́.

Ti lámínéètì, mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe é. Iná ni ẹ̀rọ yẹn fi ń yọ́ ọ̀rá mọ́ ìwé lára, kò sì sí ẹni tó lè tú u láì fa ìwé ya. Sẹ́lótéèpù náà kò dára. Bó bá pẹ́ díẹ̀, gọ́ọ̀mù rẹ̀ á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, á sì mu wọnú ìwé.

Ikán ló ká mi lára jù. Ẹ gbé gbogbo rẹ̀ kúrò nílẹ̀ lónìí, sórí pẹpẹ irin tí kò fara kan ògiri. Ẹ wá búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tíì fi kun ọ̀dà rí, kí ẹ fi gbá yẹ̀pẹ̀ ikán kúrò láti àárín ewé lọ sí etí. Ẹ má fọ́n oògùn kòkòrò sí i. Ẹ má sì sá a sóòrùn. Mo mọ̀ pé ohun tí a ń ṣe sí aṣọ tó bá rá nìyẹn, ṣùgbọ́n oòrùn Ìlọrin á pa àwọ̀ tàdáwà, ìwé á sì gbẹ débi tí yóò máa rún sí yín lọ́wọ́. Omi ò gbọ́dọ̀ kàn án rárá.

Ní ti ewé tó dàrú, ẹ fọkàn balẹ̀. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ kì í ní ìránpọ̀, ewé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń kó sínú awọ, ọ̀pọ̀ ni kò sì ní nọ́ńbà. Ṣùgbọ́n ẹ yí ewé kan padà, kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ nísàlẹ̀, lápá òsì. Ọ̀rọ̀ kan sábà máa ń wà níbẹ̀ tó dá dúró, tó dàgẹ̀rẹ̀ díẹ̀, bí ẹni pé akọ̀wé gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Kò gbàgbé rẹ̀ o. Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni ewé tó tẹ̀lé e fi bẹ̀rẹ̀. Ọmọ kéú tó mọ Lárúbáwá kà dáadáa lè máa fi ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn wá ewé kiri, ọ̀kan á máa pe èkejì, títí ìwé yóò fi tò. Lórí tábìlì tó mọ́ ni kó ti ṣe é, ọwọ́ rẹ̀ fífọ̀, kó sì gbẹ.

Bí ẹ bá ti ń ṣe é lọ, ẹ gbé ewé kan tó ṣì lágbára kọjú sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. Ẹ lè rí oṣù lílé mẹ́ta tó tò tẹ̀ léra nínú ara ìwé náà, tí kì í ṣe tàdáwà ló yà á. Ìwé Ítálì nìyẹn, irú èyí tí àwọn oníṣòwò ń gbé la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá wá sí ìhà ọ̀dọ̀ wa láàárín ọdún 1800 sí 1900. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹ bá rí i, nítorí ó wà lára ohun tí àwọn onímọ̀ fi ń mọ ọjọ́ orí ìwé.

Lẹ́yìn èyí ni fọ́tò. Fóònù tó bá ya àwòrán dáadáa ti tó. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni kí ẹ ti yà á, láìtan iná fóònù, iwájú àti ẹ̀yìn ewé kọ̀ọ̀kan, kí etí ìwé sì hàn. Mo tẹnu mọ́ etí ìwé nítorí pé ibẹ̀ ni àwọn àgbà ń kọ ohun tí ẹ ò ní rí níbòmíràn: ọjọ́ tí wọ́n bí ọmọ, ẹni tó jẹ gbèsè, ẹni tí wọ́n yá ìwé, ẹni tó kọ́ wọn. Bí ẹ bá bá Yorùbá pàdé tí wọ́n fi álífábẹ́ẹ̀tì Lárúbáwá kọ, èyí tí à ń pè ní anjẹmi, bóyá wákà tàbí wáàsí, inú mi á dùn gidigidi. Ohùn àwọn ará Ìlọrin ayé ìjelòó nìyẹn, ní èdè tí wọ́n ń sọ nílé.

Aṣọ òwú funfun tí ẹ ti fọ̀, tí kò ní sítáàṣì, ni kí ẹ fi wé e, kì í ṣe ọ̀rá, nítorí ọ̀rá ń mú ooru àti ọ̀rinrin há sínú. Ẹ tọ́jú àpò awọ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ má jù ú nù. Kí ẹ wá pe àwọn ìyá àgbà ilé jókòó, kí ẹ bi wọ́n léèrè: ta ló ń ka ìwé yìí nígbà ààwẹ̀? Àwọn wo ló wá kéú láti òkèèrè, inú yàrá wo ni wọ́n sùn sí? Inú ìwé míì ni kí ẹ kọ èsì wọn sí. Ẹ má fi bírò kan ìwé bàbá yín.

Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Kwara, ní Màlété, ní ilé-iṣẹ́ kan tó wà fún irú ìwé àfọwọ́kọ Ìlọrin báyìí. Ẹ kàn sí wọn. Ẹ̀yin lẹ ni ẹrù yín, ẹ lè ní kí wọ́n ya ẹ̀dà nìkan kí ìwé gan-an padà wálé. Èyíkéyìí tí ẹ bá mú, ẹ jẹ́ kó wà nínú ìwé àdéhùn, kí ọmọ ilé méjì ó kéré tán fọwọ́ sí i, kí orúkọ agbo ilé yín má sì kúrò lára ẹ̀dà náà láé.

Láti Òmù-Àrán

Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ère onígi kan wà nínú yàrá bàbá wa tó ti papò dà, ó máa ń jáde nígbà ọdún láyé ijọ́un. Àbúrò bàbá mi ti di olùṣọ́-àgùntàn, ó ní ká dáná sun ún. Ìyá wa àgbà ò dá sí ẹnikẹ́ni láti ìgbà náà, ẹkún ni wọ́n ń sun. Kristẹni lèmi náà.

*Èsì:* Àbúrò mi, Kristẹni lèmi náà, mi ò sì ní sọ pé kí ẹnikẹ́ni forí balẹ̀ fún igi. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ ò sìn, kò dandan kí ẹ sun ún. Ọ̀nà kẹta wà, kí ẹ fà á lé mùsíọ́ọ̀mù lọ́wọ́, kò sì jìnnà sí yín.

Ẹ gba Ẹ̀sìẹ́ lọ, kí ẹ mú àbúrò bàbá yín dání. Ibẹ̀ ni mùsíọ́ọ̀mù àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà wà, wọ́n ṣí i ní 1945. Ère òkúta tó wà níbẹ̀ lé ní 1,000. Ìtàn ìlú sọ pé àlejò ni wọ́n, tí wọ́n di òkúta. Ní 1933, ọ̀gbẹ́ni Ramshaw, tó ń bẹ ilé ìwé àwọn míṣọ́nnárì CMS wò, rí wọn, ó sì jẹ́ kí ìjọba gbọ́. Ṣé ẹ rí i pé ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fún ìjọ ni! Ẹ dúró ti ère kan níbẹ̀ dáadáa, kí ẹ wo bí wọ́n ṣe di irun obìnrin, ilà tó wà lójú, ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn, àpótí tó jókòó lé, ẹlòmíràn á mú idà lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ ló ti kán lọ́rùn kí ẹnikẹ́ni tó wá ṣọ́ wọn. Síbẹ̀ àwọn ará Ẹ̀sìẹ́ ṣì ń ṣọdún ère wọn, mùsíọ́ọ̀mù ò gbà á lọ́wọ́ wọn.

Ẹ jẹ́ kí àbúrò bàbá yín tún mọ ohun tí òfin wí. Lábẹ́ òfin 1979 tó dá àjọ mùsíọ́ọ̀mù sílẹ̀, iṣẹ́ ọnà ìbílẹ̀ tí wọ́n ṣe ṣáájú 1918, tàbí èyí tó níye lórí nínú ìtàn tí wọ́n sì ti fi ṣe ètùtù tàbí ọdún ìbílẹ̀ rí, ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ni. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá lówó ló lè rà á, kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ gbé e kọjá ẹnubodè láìgbàṣẹ. Mo sọ èyí nítorí pé ẹni tí yóò bá yín gbé e lọ sun kì í pẹ́ yọjú, ère náà kì í sì í dé ibi iná.

Kí ẹ tó gbé e lọ síbikíbi, ẹ bi ìyá àgbà pé ta ló gbẹ́ ẹ. Èyí dùn mí púpọ̀: ọ̀pọ̀lọpọ̀ ère wa ló wà ní mùsíọ́ọ̀mù nílé àti lókè òkun tí wọn ò kọ ju «igi, Yorùbá» sí lára, bẹ́ẹ̀ ẹni tó gbẹ́ ẹ lórúkọ, ó lóríkì, ó sì láwọn ọmọ. Ẹ bèèrè orin tí wọ́n ń kọ bó bá ń jáde. Ẹ tún bèèrè bóyá ti ilé yín nìkan ni àbí ti ìlú, torí bó bá jẹ́ ti ìlú, ẹ̀yin méjì ò lè dá a pinnu. Ẹ jẹ́ kí ìyá àgbà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá fà á lé mùsíọ́ọ̀mù lọ́wọ́.

Láti Ọ̀fà

Ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ wa fẹ́ ya àwòrán sára ògiri ìkóríta. Ayàwòrán tí a pè mú àwòrán ẹṣin, ìlù àti oòrùn tó ń wọ̀ wá. Àwọn kan ní ó dára, àwọn kan ní kò sọ nǹkan kan.

*Èsì:* Èmi wà lẹ́yìn àwọn tó ní kò sọ nǹkan kan. Irú ògiri yẹn lè wà nílùú yòówù. Ìjàkadì lorò Ọ̀fà, gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n. Ẹ lọ sáàfin, kí ẹ gbàṣẹ, kí ẹ sì jókòó ti àwọn àgbà tó ti jà rí. Ẹ ní kí wọ́n fi hàn yín bí wọ́n ṣe ń di ara wọn mú, ibi tí ẹsẹ̀ ń wà, ohun tí wọ́n ń sán mọ́dìí. Kí ayàwòrán yà á níṣojú wọn.

Bí ògiri bá ń fa omi láti ìsàlẹ̀, ọ̀dà á máa wú, á sì máa ṣí. Ẹ tún sìmẹ́ǹtì rẹ̀ rẹ́, kó gbẹ dénú, kí àwòrán sì bẹ̀rẹ̀ lókè ibi tí òjò ń ta ẹrẹ̀ dé. Bí apá yín bá ká a, ẹ ronú sí amọ̀ sísun dípò ọ̀dà. Àpáàdì ni wọ́n fi tẹ́ àgbàlá ní Ilé-Ifẹ̀ ayé àtijọ́, ó ṣì wà nílẹ̀ títí dòní. Àwọn ìyá amọ̀kòkò Ìlọrin lè bá yín sun ún. Ẹ kọ orúkọ ayàwòrán àti ọdún sí i.

Láti Dàda, Ìlọrin

Amọ̀kòkò ni ìyá mi, agbára wọn ti ń dín kù. Ṣé fídíò fóònù tó?

*Èsì:* Ó tó, ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Iṣẹ́ làǹtànà, ìlẹ̀kẹ̀ pupa tí Ìlọrin fi lókìkí, kò sí mọ́. Bí a bá mọ̀ lónìí bí wọ́n ṣe ń ṣá òkúta náà, bí wọ́n ṣe ń fi irin lu ú, bí wọ́n ṣe ń lọ̀ ọ́ kó máa dán, ara ìdí rẹ̀ ni pé òyìnbó kan tó ń jẹ́ J. D. Clarke kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1938 nígbà tí àwọn tó ń ṣe é ṣì wà. Ẹ má kàn ya ìkòkò tó ti parí. Ẹ tẹ̀lé wọn débi tí wọ́n ti ń wa amọ̀, kí ọwọ́ wọn hàn dáadáa bí wọ́n bá ń pò ó, kí ẹ dúró títí wọn ó fi sun ún. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa sọ̀rọ̀ ní Yorùbá Ìlọrin tí wọ́n ń sọ lójoojúmọ́, kí wọ́n dárúkọ irú ìkòkò kọ̀ọ̀kan àti ẹni tó kọ́ wọn. Ẹ fi ẹ̀dà kan pamọ́ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n yín tó wà nílùú míì, torí fóònù ń sọnù. Kí ìyá yín sì wò ó tán kí ẹ tó fi han ẹnikẹ́ni, bí apá kan bá wà tí wọn ò fẹ́ kó jáde, ẹ yọ ọ́.