Fíìmù Faransé wo ni obìnrin ti lóyún ẹ̀dá abàmì tó ń mu ẹ̀jẹ̀?

Baby Blood ni. Alain Robak ló darí rẹ̀, ó jáde ní 1990. Emmanuelle Escourrou ló ṣe Yanka, obìnrin tó ń bá àwọn onísẹ́kọ́ọ̀sì (circus, àwọn tó ń fi ẹranko àti ìdárayá dá èrò lára yá) ṣiṣẹ́. Wọ́n gbé àmọ̀tẹ́kùn kan dé láti Áfíríkà, àṣé ẹ̀dá kan ti fara pamọ́ sínú ẹran náà. Ó fọ́ ọ yángá, ó sì wọ inú ilé ọmọ Yanka nígbà tó ń sùn.

Láti ìgbà náà ni oyún ti ń sọ̀rọ̀ láti inú ikùn. Ẹ̀jẹ̀ ènìyàn ló ń bèèrè, àwọn ọkùnrin ló sì pọ̀ jù nínú àwọn tó ń kú. Ẹ̀jẹ̀ ń tú yàà lóòótọ́, àmọ́ ọ̀rọ̀ àárín ìyá àti oyún yìí ló dùn jù níbẹ̀: ó ń pàṣẹ, ìyá ń jiyàn, wọ́n á tún rẹ́.

Ẹ ṣọ́ra fún ẹ̀dà Amẹ́ríkà tí wọ́n pè ní The Evil Within. Wọ́n fi ohùn Gẹ̀ẹ́sì pààrọ̀ ti Faransé, wọ́n sì gé ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti pọ̀. Ti Faransé tí wọn ò gé, tí wọ́n kọ Gẹ̀ẹ́sì sísàlẹ̀, ni kí ẹ wá. Apá kejì, Lady Blood, jáde ní 2008; Escourrou náà ló tún ṣe Yanka.

Bó bá jẹ́ obìnrin tó mú àlùmọ́gàjí ká aláboyún mọ́lé lẹ rántí, À l'intérieur ti 2007 nìyẹn. Ọmọ ènìyàn gidi ló wà nínú oyún tibẹ̀.