Ẹ má sanwó kọ́nfọ̀ì fún ẹnikẹ́ni

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ tiwa níbí ní Ìjẹ̀bú-Òde fẹ́ lọ gbafẹ́ ní Íjíbítì lẹ́yìn Ojúde Ọba. Ọjọ́ márùn-ún la máa lò ní òtẹ́ẹ̀lì etí òkun ní Hurghada. Ajẹ́ńtì kan ní Èkó sọ fún wa pé ẹ̀yìn ìlú yẹn ni àwọn píránmìdì wà, pé a lè jí lọ wò wọ́n láàárọ̀, ká sì padà wá jẹun alẹ́ ní òtẹ́ẹ̀lì. Lọ́jọ́ kejì, Luxor náà, ìlú àwọn tẹ́ńpìlì àtijọ́, àlọ àti àbọ̀. Ó ní ọ̀nà aṣálẹ̀ léwu, ṣùgbọ́n pé àwọn ológun máa fi kọ́nfọ̀ì, ìyẹn ọ̀wọ́ ọkọ̀ tí wọ́n ń ṣọ́ lójú ọ̀nà, sìn wá, nítorí náà kí ẹnì kọ̀ọ̀kan fi 120 dọ́là kún owó rẹ̀. Àwọn àgbà wà nínú wa, kódà ẹni tó ti lé ní àádọ́rin ọdún wà níbẹ̀. Ṣé kọ́nfọ̀ì yẹn dájú? Ṣé a lè fọkàn balẹ̀ sí i?

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, ẹ kú ètò o, Ojúde Ọba á bá gbogbo yín láyọ̀. Ẹ̀yin kọ́ lẹ kọ́kọ́ bi mí ní ìbéèrè kọ́nfọ̀ì yìí, ìdí tí mo fi pinnu láti dáhùn rẹ̀ ní gbangba nìyẹn, kí ó lè tán lẹ́nu wa.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti píránmìdì kúrò nílẹ̀. Kò sí píránmìdì kankan lẹ́yìn Hurghada. Giza ni èyí tí gbogbo ayé ń lọ wò wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Káírò. Etí Òkun Pupa ni Hurghada wà ní tirẹ̀, nǹkan bí 450 kìlómítà sí ibẹ̀. Kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí Èkó dé Onitsha. Wákàtí márùn-ún sí mẹ́fà ni bọ́ọ̀sì ń lò láti lọ, yóò lo iye kan náà láti bọ̀. Àwọn kan ń ṣe é lọ́jọ́ kan ṣoṣo lóòótọ́, wọ́n ń tà á ní gbogbo òtẹ́ẹ̀lì etíkun, àwọn ọ̀dọ́ sì ń rà á. Ẹ̀yin tí ẹ kó àgbà lẹ́yìn kò gbọdọ̀ dán an wò. Luxor sún mọ́ ju ìyẹn lọ: nǹkan bí 300 kìlómítà, wákàtí mẹ́rin bí kò bá sí ìdádúró.

Ó wá ku kọ́nfọ̀ì.

Kọ́nfọ̀ì wà nígbà kan rí, ajẹ́ńtì yín kò dá a sílẹ̀ látinú orí ara rẹ̀. Láàárín ọdún 1990 sí 1999, àwọn agbébọn ń dọdẹ àwọn àlejò ní Íjíbítì. Èyí tó burú jù ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 17 oṣù kọkànlá ọdún 1997, nígbà tí wọ́n ya wọ tẹ́ńpìlì Ọbabìnrin Hatshepsut ní Luxor, wọ́n sì pa èèyàn 62. Nínú wọn, 58 jẹ́ àlejò láti òkèèrè. Iṣẹ́ arìnrìn-àjò afẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ kú mọ́ wọn lọ́wọ́. Ìjọba bá fọwọ́ líle mú ọ̀nà: ọkọ̀ àlejò kò gbọdọ̀ dá rin aṣálẹ̀ láti etíkun lọ sí Luxor. Gbogbo bọ́ọ̀sì tó bá ń ti àwọn òtẹ́ẹ̀lì bọ̀ á kọ́kọ́ péjọ sí Safaga, ìlú èbúté kan tó tó nǹkan bí 60 kìlómítà sí gúúsù Hurghada. Wọ́n á tò sílẹ̀, ọkọ̀ ọlọ́pàá á ṣíwájú, òmíràn á wà lẹ́yìn, wọ́n á wá jọ gba àárín àwọn òkè kọjá lọ sí Qena létí odò Náílì, kí wọ́n tó kọrí sí Luxor. Aago ìgbéra wà. Bí bọ́ọ̀sì yín bá pẹ́, ẹ ó dúró de ti ẹ̀yìn. Bí ẹ bá dé Luxor, bí ó ti wù kí tẹ́ńpìlì Karnak dùn ún wò tó, aago ìpadàbọ̀ ti ń dún lórí yín. Aago kọ́nfọ̀ì ló ń darí gbogbo ọjọ́ náà, kì í ṣe àlejò, kì í ṣe afinimọ̀nà.

Nígbà tó fi máa di nǹkan bí ọdún 2010, wọ́n ti ń tú kọ́nfọ̀ì ọ̀nà yẹn ká. Lónìí, bọ́ọ̀sì ńlá, bọ́ọ̀sì kékeré àti ọkọ̀ tí ìdílé kan ṣoṣo háyà ń gbéra ní wákàtí tó bá wù wọ́n. Ohun tó ṣẹ́ kù ni àwọn ibi àyẹ̀wò, níbi tí ọlọ́pàá ti ń dá ọkọ̀ dúró, tí wọ́n ń béèrè orúkọ iléeṣẹ́ tó kó yín àti ibi tí ẹ ń lọ. Ọlọ́pàá kan lè wọ inú bọ́ọ̀sì yín, kó sì bá yín lọ. Òfin lè yí padà bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ ní orílẹ̀-èdè náà, nítorí náà ẹ béèrè lọ́wọ́ òtẹ́ẹ̀lì yín lọ́sẹ̀ tí ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ má fi ọ̀rọ̀ tèmi yìí ṣe ìwé ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí eléyìí yé yín: nígbà tí kọ́nfọ̀ì fi wà pàápàá, ètò ìjọba ni. Kì í ṣe ọjà tí ajẹ́ńtì kan máa jókòó sí Èkó, kó máa tà.

Ohun tó ń bí mi nínú jù kì í ṣe 120 dọ́là náà. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé wọ́n ń fi ẹ̀rù tiwa tà wá. Àwa tí à ń gba Ṣágámù lọ sí Orè mọ ohun tó ń bẹ lọ́kàn wa bí ọkọ̀ bá kọṣẹ́ nírọ̀lẹ́. Ajínigbé la kọ́kọ́ ń rò. Bí a bá rí ọkọ̀ olóyè kan tí sójà ń sìn kọjá, a máa ń fẹ́ sá tẹ̀ lé e lẹ́yìn. A wá kó ẹ̀rù yẹn wọ ọkọ̀ òfúrufú, a gbé e dé Òkun Pupa, a rò pé ohun kan náà ni yóò ṣe wá níbẹ̀, pé ìbọn ni yóò gbà wá. Rárá o. Ohun tó ń pa àlejò lójú ọ̀nà aṣálẹ̀ yẹn ni ìjàm̀bá ọkọ̀: eré àsápajúdé, òkùnkùn, àti awakọ̀ tó ń sùn.

Ẹ wo ọjọ́ kan láti ẹ̀gbẹ́ awakọ̀. Ní nǹkan bí aago méjì òru ló ti jí, nítorí pé ó ní láti máa lọ láti òtẹ́ẹ̀lì kan sí èkejì, kó kó èèyàn tí kò tí ì bọ́jú. Ó wakọ̀ wákàtí mẹ́rin. Nígbà tí ẹ̀yin ń ya fọ́tò ní Àfonífojì Àwọn Ọba, níbi tí wọ́n sin àwọn ọba àtijọ́ sí ní Luxor, inú ọkọ̀ tàbí abẹ́ ògiri kan ló fara tì sí nínú ooru. Kì í ṣe ibùsùn. Nígbà tó bá di ìrọ̀lẹ́, ó tún di wákàtí mẹ́rin mìíràn, òkùnkùn ń ṣú, gbogbo ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn ti ń hanrun. Ọ̀nà náà dára, ọ̀dà rẹ̀ dán, ìdí tó fi burú nìyẹn: kò sí kòtò tí yóò jí awakọ̀, kò sí abúlé, kò sí ọjà, kò sí igi. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ ní Íjíbítì sì tún máa ń pa iná ọkọ̀ wọn lóru, wọn a kàn ṣẹ́ ẹ bí wọ́n bá rí ẹni tó ń bọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni o, títí kan ọkọ̀ akẹ́rù. Bí ohunkóhun bá ṣẹlẹ̀ láàárín òkè yẹn, nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù lè má sí, ilé ìwòsàn kò sì sí nítòsí.

Sójà wo ló máa yìnbọn fún oorun?

Kọ́nfọ̀ì tiẹ̀ tún mú un burú sí i ni. Ọkọ̀ iwájú ló ń pinnu eré. Bọ́ọ̀sì tó bá gbó, tí kò lè sáré, awakọ̀ rẹ̀ á máa tẹ̀ ẹ́ ní àtẹ̀bàjẹ́ kí wọ́n má baà fi í sílẹ̀, àwọn mìíràn á máa ya ara wọn sílẹ̀ lórí ìlà kan náà láti tètè dé ibi tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì. Ìkejì, gbogbo ayé mọ̀ pé aago báyìí ni àlejò báyìí máa kọjá níbí. Bí ẹnì kan bá fẹ́ ṣe ibi, ṣé ọkọ̀ kan tó dá kọjá ni yóò wá, àbí ìlà bọ́ọ̀sì gbọọrọ tó ní àkókò bíi ti ìrun? Lára ìdí tí ọ̀pọ̀ ẹni tó wà nídìí iṣẹ́ yìí kò fi ṣọ̀fọ̀ kọ́nfọ̀ì nígbà tó kógbá wọlé nìyẹn.

Níwọ̀n bí a ti ń sọ̀rọ̀ ìbọn: lóṣù kẹsàn-án ọdún 2015, àwọn ọmọ ogun Íjíbítì fúnra wọn ló ṣèèṣì kọlu ọ̀wọ́ àlejò kan nínú aṣálẹ̀ ìwọ̀-oòrùn, wọ́n rò pé agbébọn ni wọ́n. Èèyàn 12 ló kú, 8 nínú wọn jẹ́ ọmọ Mexico. Apá ibòmíràn nìyẹn, ó jìnnà sí ọ̀nà tiyín, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kan wà níbẹ̀: ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mú yín kúrò lójú ọ̀dà, kó ní òun fẹ́ fi aṣálẹ̀ gidi hàn yín. Ìwé àṣẹ ni wọ́n ń gbà fún ìyẹn.

Aṣálẹ̀ tí ẹ ó gbà kọjá pàápàá kì í ṣe iyanrìn bíi ti inú fíìmù. Òkè olókùúta ni, pupa, dúdú, eérú, láti Safaga títí fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Qena. Àwọn ará Róòmù gbẹ́ òkúta níbẹ̀ kó lọ sí ìlú wọn. Ní gúúsù Safaga, èbúté Quseir wà níbẹ̀, tí àwọn onírìnàjò Mẹ́kà ń ti àfonífojì Náílì la aṣálẹ̀ kọjá wá bá, kí wọ́n tó wọkọ̀ ojú omi sọdá Òkun Pupa. Mo mọ̀ pé àwọn Alhaji inú ẹgbẹ́ yín á fẹ́ gbọ́ ìyẹn. Bí ẹ bá máa rí i, ọ̀sán lẹ ó fi rí i. Àwọn tó ń gbéra láago mẹ́ta òru, tó ń padà ní alẹ́, òkùnkùn ni wọ́n sanwó fún.

Ọ̀rọ̀ ooru kò gbọdọ̀ fò mí. Láwọn ọdún yìí, Iléyá ń bọ́ sí oṣù karùn-ún tàbí ìkẹfà, Ojúde Ọba sì ń tẹ̀ lé e. Ní Luxor lákòókò náà, ooru máa ń kọjá ìwọ̀n Celsius 40 lọ́sàn-án, kò sì sí ibòji ní Àfonífojì Àwọn Ọba. Kì í ṣe irú ooru wa tó ń mú èèyàn làágùn. Ooru gbígbẹ ni, ẹ ò ní mọ̀ pé omi ti tán lára yín. Èmi kì í ṣe dókítà. Ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ìtọ̀ ṣúgà, kó lọ rí dókítà rẹ̀ kó tó sanwó tíkẹ́ẹ̀tì, kó má ṣe dúró dìgbà tó bá dé ọ̀hún.

Ohun tí màá ṣe bó bá jẹ́ èmi ni mò ń kó yín lọ rèé. Káírò ni ọkọ̀ òfúrufú EgyptAir máa ń gbé èèyàn lọ láti Èkó. Ẹ ó kọjá ní Káírò kẹ́ ẹ tó dé Hurghada! Kí ló dé tí ẹ ó fi fò kọjá lórí píránmìdì lọ sí etíkun, kẹ́ ẹ tún wá wa ọkọ̀ wákàtí mẹ́fà padà wá wò ó? Ẹ sùn ọjọ́ méjì ní Káírò nígbà tí ẹ bá ń lọ. Ẹ wo Giza láàárọ̀, kẹ́ ẹ sá wọ inú Grand Egyptian Museum nígbà tí oòrùn bá mú. Ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tuntun náà ni, tí wọ́n ṣí ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 2025, ẹ̀gbẹ́ píránmìdì ló wà. Lẹ́yìn náà, ẹ wọ bàálù lọ sí Hurghada, nǹkan bí wákàtí kan péré.

Ní ti Luxor, ẹ lọ lọ́sàn-án, ẹ sun ibẹ̀ mọ́jú, ẹ wo ibojì àwọn ọba ní kùtùkùtù kí ooru tó dé. Tíkẹ́ẹ̀tì tí gbogbo èèyàn ń rà máa ń gba ibojì mẹ́ta, ti Ọba Tutankhamun ní owó tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹ má jẹ́ kí ìyẹn dá ìjà sílẹ̀ láàárín ẹgbẹ́. Kẹ́ ẹ wá padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìjẹ̀bú ni wá, mo mọ̀ pé ẹ ti ń ṣírò owó òtẹ́ẹ̀lì alẹ́ kan. Ẹ ṣírò owó kọ́nfọ̀ì mọ́ ọn, kẹ́ ẹ wo bóyá kò ní gbé e. Bí ẹ bá kọ̀ jálẹ̀ pé ọjọ́ kan ṣoṣo lẹ fẹ́ lò, ó kéré tán ẹ béèrè fún awakọ̀ méjì, kí bẹ́líìtì wà lórí gbogbo ìjókòó, kẹ́ ẹ sì fi àwọn àgbà sílẹ̀ létí òkun. Ẹ má háyà ọkọ̀ fúnra yín wà, n kò fẹ́ gbọ́ àlàyé.

Páásípọ́ọ̀tù gan-an ni kí ẹnì kọ̀ọ̀kan mú dání, kì í ṣe fótókọ́pì. Ọ̀rọ̀ físà, iléeṣẹ́ aṣojú Íjíbítì ni kẹ́ ẹ bi, ẹ bi wọ́n ní kíákíá, ó máa ń pẹ́.

Bí ẹ bá sì ti san 120 dọ́là yẹn, ẹ ní kí ajẹ́ńtì mú rísíìtì wá, kó kọ orúkọ ẹ̀ka ọlọ́pàá tó gbowó náà sí i. Kò ní rí i mú wá. Ẹ gba owó yín lọ́wọ́ rẹ̀ kẹ́ ẹ tó jọ sọ ohunkóhun mìíràn.