Níbo ni Sanusi Lamido Sanusi ti kàwé kó tó wọ báǹkì?

Ẹ kọ́kọ́ ya Sanusi méjì sọ́tọ̀, torí ibẹ̀ làwọn ọmọ ilé ìwé ti sábà máa ń ṣì í. Joseph Oladele Sanusi, ọmọ Ògbàgì Àkókó, ló jẹ́ gómìnà Báǹkì Àpapọ̀ láti 1999 sí 2004. Sanusi Lamido Sanusi tí à ń sọ níbí, tí wọ́n ń pè ní SLS, ló jẹ ẹ́ láti 2009 sí 2014.

Kano ni wọ́n bí SLS sí, ní ọjọ́ 31 oṣù Keje, 1961, nígbà tí bàbá bàbá rẹ̀, Muhammadu Sanusi Kìíní, ṣì wà lórí ìtẹ́ gẹ́gẹ́ bí Ẹ́míà Kano. Kò tíì pé ọmọ ọdún méjì tí bàbá àgbà náà fi kúrò lóyè ní 1963.

Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ máa ń ya èèyàn lẹ́nu: ti ìjọ Kátólíìkì ni, St. Anne's ní Kaduna, ọmọ ààfin Mùsùlùmí sì ni. Láti ibẹ̀ ó gba Èkó lọ, ó wà ní King's College láti 1973 sí 1977. Ó padà sókè ọya, sí Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria: oyè àkọ́kọ́ nínú ìmọ̀ ọrọ̀ ajé ní 1981, oyè kejì ní 1983. Ó ṣe olùkọ́ níbẹ̀ díẹ̀, ó wá wọ iṣẹ́ báǹkì ní 1985.

Oyè tó gbà ní Khartoum, olú ìlú Sudan, ńkọ́? 1997 ló gba ìyẹn, lẹ́yìn tó ti wọ báǹkì, nínú ìmọ̀ Ṣàríà àti ẹ̀sìn Ìsìláàmù. Ẹ má kọ ọ́ mọ́ ìgbà èwe rẹ̀.