Kí ẹ tó dá oògùn ADHD ọmọ dúró ní ọlidé

Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ ní ọmọ yín ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́jọ, ti ń lo oògùn ADHD (ìṣòro àìlè-pọkàn-pọ̀ àti àìlè-jókòó jẹ́ẹ́) fún ọdún kan àti ààbọ̀, pé kì í jẹ oúnjẹ ọ̀sán mọ́, pé ó ti rù. Ọlidé ọlọ́sẹ̀ mẹ́fà ń bọ̀, màmá yín náà ń bọ̀ láti Ìbàdàn, ẹ wá ń bèèrè bóyá kí ẹ kàn dá oògùn náà dúró títí ilé ìwé yóò fi wọlé padà.

Ó ṣeé ṣe. Ẹ̀ẹ̀mẹta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ la ti ṣe é fún ọmọ tèmi níbí ní Lọ́ńdọ̀nù. Àkọ́kọ́ pa mí lẹ́kún, ìkejì dára, ìkẹta ló là mí lójú jù. Ohun tó fa ìyàtọ̀ ni pé lákọ̀ọ́kọ́, mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ kí ìsinmi náà ṣe fún ọmọ. Mo kàn fẹ́ kí ẹnu àwọn èèyàn pa mọ́ ni.

Ẹ ò sọ orúkọ oògùn rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Tó bá jẹ́ methylphenidate, bíi Concerta, Medikinet tàbí Ritalin, tàbí tó jẹ́ Elvanse, wọn kì í pẹ́ kúrò lára, ìdí nìyẹn tí dókítà fi lè ní kí ọmọ sinmi. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ guanfacine, èyí tí wọ́n ń tà ní Intuniv, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá a dúró lójijì. Ẹ̀jẹ̀ ọmọ lè ru. Díẹ̀díẹ̀ ni dókítà máa ń dín ìyẹn kù. Atomoxetine ní tirẹ̀ máa ń gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó ṣiṣẹ́ dáadáa, nítorí náà kò sí èrè kankan nínú kí èèyàn yọ ọ́ ní Sátidé kó tún dá a padà ní Mọ́ńdè. Ẹ lọ wo ara páálí yẹn ná kí ẹ tó ka ìyókù.

Lọ́dún 2017 ni ọmọ mi bẹ̀rẹ̀ Concerta, ó pé ọmọ ọdún méje. 18 mílígíráàmù ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbé e dé 36. Mi ò ní purọ́, oògùn yẹn ṣiṣẹ́. Lọ́sẹ̀ kejì ó jókòó kàwé fún mi láti ojú ewé kan dé òmíràn láìdìde, mo bá yà sí ilé ìdáná kó má bàa rí ojú mi. Ṣùgbọ́n ike oúnjẹ rẹ̀ ń padà wálé bó ṣe lọ: ìrẹsì lódindi, ọbẹ̀ tí epo rẹ̀ ti dì, ẹran tí eyín ò kàn. Tó bá wá di aago mẹ́jọ alẹ́, tí oògùn ti kúrò lójú rẹ̀, á jẹun bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti oko dé.

Nígbà ọlidé 2018, ẹ̀gbọ́n mi ń ṣe ìyàwó fún ọmọ rẹ̀ ní Èkó. Mo fi oògùn sílẹ̀ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ̀rù pápákọ̀ òfuurufú ń bà mí, ìyẹn kan. Èkejì ni ẹnì kan nínú ẹbí ọkọ mi tó ti bi mí lórí fóònù pé ṣé oògùn olóró la wá ń fún ọmọ ni. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Mo fẹ́ kí gbogbo wọn rí ọmọ tí kò lo nǹkan kan.

(Ẹ̀rù pápákọ̀ yẹn, àìmọ̀kan ni. Oògùn tí òfin ń ṣọ́ ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n tí èyí tí ẹ gbé kò bá tó ti oṣù mẹ́ta, ẹ ò nílò ìwé àṣẹ ìjọba láti gbé e jáde nílẹ̀ yìí. Kí ẹ mú lẹ́tà dókítà dání, kí ẹ sì bèèrè òfin ibi tí ẹ ń lọ lọ́wọ́ ọ́fíìsì aṣojú ìjọba wọn kí ẹ tó gbéra.)

Ní ọjọ́ kẹta tí a dé Èkó, a jáde lọ ra búrẹ́dì. Ó rí ọ̀kadà kan tó gbé ewúrẹ́ sẹ́yìn, ló bá sá tẹ̀ lé e. Kò wo ọ̀tún, kò wo òsì. Ọkùnrin kan tó ń ta káàdì fóònù ló nawọ́ gbá ẹ̀yìn bùbá rẹ̀ mú. Bùbá náà ya láti ọrùn dé ìsàlẹ̀, dáńfó sì kọjá fìrì níwájú wọn. Nígbà tí mo bá wọn, ó ń wò mí, ó ní, "Mọ́mì, mi ò mọ̀ pé mo ti ń sáré." Bùbá yẹn ṣì wà nínú àpótí mi. Mi ò rán an.

Lọ́jọ́ ìyàwó, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ní kó kúnlẹ̀ kó nawọ́ sókè. Àwọn tó sọ pé ọmọ náà ò nílò oògùn kankan ló kọ́kọ́ pàṣẹ.

Síbẹ̀, ọmọ yẹn jẹun. Ẹ̀bà àti ẹ̀fọ́ ní ọ̀sán gangan, ó tún bèèrè. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún. Ó ń sọ ìtàn, ó ń fi ohùn àwọn èèyàn ṣeré, ohun tí mo ti gbàgbé pé ó mọ̀ ọ́n ṣe. Nítorí náà nígbà tí a padà dé, orí mi dàrú. Mo tún wá fi àṣìṣe mìíràn kún un: àárọ̀ ọjọ́ tí ilé ìwé wọlé gan-an ni mo fún un ní 36, bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Orí fọ́ ọ, òru mẹ́rin ni kò fi sùn títí di aago kan. Nígbà tí mo pe nọ́ọ̀sì tó ń mójú tó o, obìnrin náà ò pariwo mọ́ mi, ó kàn bi mí pé, "Kí ló dé tí ẹ ò pè mí kí ẹ tó lọ?" Ìyẹn dùn mí ju ìbáwí lọ.

Ìkejì kò ti ọwọ́ mi wá. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2019, èmi ṣì ń dunnú nígbà náà pé ṣòkòtò ilé ìwé rẹ̀ ti lo odindi ọdún méjì. Ìyá Yorùbá wo ni kò ní dúpẹ́? Nọ́ọ̀sì wá ṣí àwòrán ìdàgbàsókè rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, ó fi bírò tọ́ka sí i. Orí ìlà 50 ló wà nígbà tó bẹ̀rẹ̀ oògùn. Ó ti já sórí ìlà 25, ó sì ti dorí kọ ìlà 9. Ìlà 25 túmọ̀ sí pé nínú ọgọ́rùn-ún ọmọkùnrin ẹgbẹ́ rẹ̀, mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n péré ló kúrú jù ú lọ. Kí ọmọ wà lórí ìlà ìsàlẹ̀ kì í ṣe àìsàn, àwọn ọmọ kúkúrú wà. Jíjábọ́ láti ìlà kan sí òmíràn ni wọ́n ń ṣọ́. Ṣòkòtò ti ń sọ fún mi, mi ò gbọ́ èdè rẹ̀ ni.

Ìlànà NG87 tí NICE, àjọ tó ń gbé ìlànà ìtọ́jú kalẹ̀ fún àwọn dókítà níbí, gbé jáde lọ́dún 2018 ni wọ́n ń tẹ̀ lé níbí. Ó ní kí wọ́n máa wọn gíga ọmọ ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà, kí wọ́n wọn ìwúwo ọmọ tí kò ju ọdún mẹ́wàá lọ ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, kí wọ́n sì gbé ọ̀rọ̀ ìsinmi oògùn yẹ̀ wò ní àkókò ọlidé bí oògùn bá ń dá gíga rẹ̀ dúró gan-an. Nítorí náà tí ẹ bá bèèrè, kì í ṣe ojúure lẹ ń tọrọ. Ọ̀rọ̀ gíga yìí kì í sì í ṣe ìméfò. Ìwádìí MTA, ìyẹn ìwádìí ńlá lórí ìtọ́jú ADHD ní Àríwá Amẹ́ríkà, tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ 579, rí i pé lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, àwọn tó lo oògùn náà láìdáwọ́ dúró fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà méjì kúrú sí àwọn tí kò lò ó rárá.

Kí a tó bẹ̀rẹ̀ ìsinmi ìkejì yẹn, nọ́ọ̀sì wọn ọ́n ní gíga àti ìwúwo, ó wo ẹ̀jẹ̀ ríru àti bí ọkàn ṣe ń lù. Ó kọ ọjọ́ tí a ó dáwọ́ dúró àti ọjọ́ tí a ó padà, ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú kí ilé ìwé tó wọlé. Ó ní kí n kọ ìdí tí a fi ń ṣe é. Mo kọ ọ́: kó jẹun, kó ga. Ó wá ní, "Ó dáa. Ẹ má wá fi ìsinmi yìí pinnu bóyá ó nílò oògùn. Kò sí kíláàsì ní oṣù kẹjọ." Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ ka gbólóhùn yẹn lẹ́ẹ̀kejì. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni yóò wo ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù ní pápá láti àárọ̀ dalẹ́, tí a ó ní ṣebí ara rẹ̀ ti yá. Ta ló ní kó jókòó?

Nílé, mo sọ fún gbogbo èèyàn ṣáájú, pàápàá àbúrò rẹ̀ obìnrin, nítorí òun ni yóò jẹ ìyà rẹ̀ jù. A lọ lúwẹ̀ẹ́ ní àràárọ̀. Aago oorun kò yí padà. Mo ń di ọwọ́ rẹ̀ mú sọdá títì bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni, ojú sì ń tì í, kò kàn mí. Kẹ̀kẹ́ ò jáde sí títì. Mo gba ọlidé tèmi níbi iṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kìíní, nítorí ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ kì í rọgbọ: ó sùn, ó bínú, ó sọkún lórí ṣíbí. Lẹ́yìn ìyẹn ilẹ̀ tutù. Ó fi kílò méjì sanra kí ọlidé tó parí. Gíga ò yára bẹ́ẹ̀. Mo ń fi pẹ́ńsù sàmì sára ilẹ̀kùn ní gbogbo Sọ́ńdè, ilẹ̀kùn kàn ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀ ni nọ́ọ̀sì fi hàn mí pé kò tíì padà sórí 50, àmọ́ kò já bọ́ mọ́.

Ní ti màmá yín, ẹ má bá wọn jà. Màmá tèmi dé lọ́dún yẹn kan náà lẹ́yìn ọlidé, oògùn ti bẹ̀rẹ̀ padà. Wọ́n rí awọ Concerta nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀, nítorí awọ hóró yẹn kì í yọ́, bó ṣe wọlé ló ń jáde lẹ́yìn tí oògùn inú rẹ̀ ti tán. Áà! Wọ́n ní ṣebí àwọn ti sọ, ara ọmọ kọ̀ ọ́. Mi ò jiyàn, mo gbé ike oúnjẹ rẹ̀ fún wọn, mo ní kí wọ́n wò ó. Ní ọjọ́ kejì, aago mẹ́fà àárọ̀, àkàrà ti ń hó nínú epo. Ògì àti àkàrà márùn-ún ló jẹ kó tó gbé oògùn mì. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún oṣù méjì, wọ́n sì ń fi oúnjẹ gidi dúró dè é ní aago mẹ́jọ alẹ́. Mo lè sọ pé àkàrà yẹn ṣe tó ìdajì iṣẹ́ tí ìsinmi ṣe. Ẹ gbìyànjú ìyẹn lọ́la, kò gba ìwé dókítà.

Ìkẹta ni èyí tí a fi dán bó ṣe máa rí láìsí oògùn wò, ní oṣù kejì ọdún 2023. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàlá, òun fúnra rẹ̀ ló bèèrè bóyá òun ṣì nílò rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì ni dókítà fún wa, nígbà tí ilé ìwé wà lẹ́nu iṣẹ́, tí kì í ṣe oṣù kẹsàn-án tí tíṣà ò tíì mọ̀ ọ́n, tí kì í sì í ṣe àsìkò ìdánwò. Tíṣà ìṣirò àti ti Gẹ̀ẹ́sì kọ ohun tí wọ́n rí ṣáájú àti lẹ́nu rẹ̀. Òun náà ń kọ tirẹ̀ sínú fóònù lálaalẹ́. Ọ̀sẹ̀ kìíní dùn. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ó ń pani lẹ́rìn-ín ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó gbàgbé báàgì sínú bọ́ọ̀sì ẹ̀ẹ̀mejì. Tíṣà ìṣirò ní ìdajì iṣẹ́ ló ń ṣe. Ní ọjọ́ kẹsàn-án ó jókòó tì mí nínú ilé ìdáná, ó ní, "Mọ́mì, mò ń gbọ́ tíṣà, àmọ́ bí ẹni pé inú yàrá kejì ni wọ́n wà." Ó fẹ́ padà sídìí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ní 36 máa ń sọ òun di ọbẹ̀ tí kò níyọ̀. Mi ò gbọ́ irú ẹ̀ rí láti ọdún mẹ́fà, nítorí mi ò bi í rí. Dókítà gbà kí a dán 27 wò, orí rẹ̀ ló sì wà di òní.

Nígbà tí oògùn wá wọ́n lóde ní oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn kan náà, tí ìjọba fúnra rẹ̀ kéde rẹ̀, kẹ́míìsì mẹ́rin ni mo dé tí wọ́n ní kò sí. Ọjọ́ mọ́kànlá ló lò láìní in. Kò dùn, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ò bà wá, a ti mọ bí ọmọ náà ṣe ń rí láìsí i: mo pe ilé ìwé kí wọ́n gbé e sí ìjókòó iwájú, kẹ̀kẹ́ wọlé, báàgì gba okùn mọ́ èjìká.

Nítorí náà ẹ pe nọ́ọ̀sì yín kí ọlidé tó dé, ọwọ́ wọn máa ń dí ní oṣù keje. Ẹ ní kí wọ́n ṣí àwòrán ìdàgbàsókè rẹ̀ fún yín, ẹ wo ìlà tó wà lọ́dún tó kọjá àti èyí tó wà báyìí. Kí ẹ sì bi ọmọ náà bó ṣe ń rí lára rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́jọ mọ ohun tó ń ṣe é. Ẹ wá sọ orúkọ oògùn náà fún mi.