Ooru òru kì í ṣe ibà: èsì mi fún Ìyá Ìbejì ní Ìkòròdú

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìfaradà. Mo ti ka ohun tí ẹ kọ. Ẹ ní ọdún 47 ni yín, nǹkan oṣù fo oṣù mẹ́ta, nígbà tó sì dé, ẹ̀jẹ̀ rẹpẹtẹ ni. Ooru ń jí yín lóru, ẹni tó ń ta oògùn ládùúgbò yín ní táífọ́ọ̀dù ni, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í gún yín lábẹ́rẹ́. Àbúrò yín ní London wá fi oògùn họ́mónù tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara ránṣẹ́. Ẹ ń bèèrè bóyá kí ẹ lẹ̀ ẹ́, àti bóyá kí ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò họ́mónù olówó gọbọi tí wọ́n kọ fún yín. Lójú tèmi, àsìkò tí nǹkan oṣù ń kásẹ̀ nílẹ̀ lẹ wà. Màá dáhùn ìbéèrè yín. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti abẹ́rẹ́ yẹn ná, torí inú bí mi nígbà tí mo kà á.

Aṣọ ni mò ń tà ní Gbági, n'Ìbàdàn. Lọ́jọ́ kan mò ń wọn léèsì fún oníbàárà, mo ti mú sísọ́ọ̀sì dání, ni ooru bá gbéra láti àyà mi, ó gun ọrùn, ó gun orí, àfi bíi pé mo bẹ orí wo inú ìkòkò tí omi àmàlà ti ń hó. Òógùn já bọ́ láti iwájú orí mi sórí léèsì funfun. Oníbàárà sún sẹ́yìn, ó ní, "Màámi, ṣé kò sí o?" Kí n tó dá a lóhùn, ooru ti lọ, òtútù ló wá ń mú mi, búláúsì mi sì ti lẹ̀ mọ́ mi lẹ́yìn. Kò ra léèsì náà mọ́.

Gbogbo ẹni tí mo sọ fún ló ní ibà ni. Nílẹ̀ wa níbí, kò sí ohun tó lè ṣe èèyàn tí wọn kò ní pè é ní ibà àti táífọ́ọ̀dù. Mo dé láàbù, wọ́n ní táífọ́ọ̀dù "plus-plus". Wọ́n fa omi sí mi lára. Mo lo oògùn ibà, mo lo oògùn táífọ́ọ̀dù, inú mi bàjẹ́ débi pé ẹ̀kọ tútù nìkan ló ń dúró níbẹ̀, síbẹ̀ ooru òru kò yẹ̀. Wọ́n ní oògùn àkọ́kọ́ kò lágbára tó, wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Àwọn tó ń ta oògùn yìí kì í sọ láéláé pé àwọn ò mọ ohun tó ń ṣe èèyàn. Ohun tó bá ti wà lórí pẹpẹ wọn náà ni yóò máa ṣe yín.

Àyẹ̀wò tí wọ́n ń pè ní Widal yẹn, ohun tí ara fi ń bá kòkòrò jà ló ń wá, kì í ṣe kòkòrò fúnra rẹ̀. Ó lè yọ lára ẹni tí táífọ́ọ̀dù ti ṣe nígbà kan rí, tí ara rẹ̀ ti yá tipẹ́. Bí wọ́n bá ṣe é lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò tó láti fi dájọ́. Èyí tó ṣeé gbára lé ni kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀, kí wọ́n gbé e sí láàbù, kí wọ́n wò ó bóyá kòkòrò á hù níbẹ̀. Ti ibà ńkọ́? Láti 2010 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní kí wọ́n máa ṣe àyẹ̀wò kí wọ́n tó fún ẹnikẹ́ni lóògùn ibà. Ta ló ń ṣe é? Nítorí náà, ẹ ra tẹmómítà. Bí ooru bá ti dé, ẹ há a sí abíyá. Ibà gidi á gbé e kọjá 37.5, kò sì ní lọ ní ìṣẹ́jú mélòó kan. Ooru ti àsìkò tí nǹkan oṣù ń kásẹ̀ nílẹ̀ kì í pẹ́ lára, tẹmómítà kì í sì í gbé e. Họ́mónù obìnrin tó ń jẹ́ estrogen ló ń lọ sílẹ̀ ségesège, ibi tó ń ṣọ́ ooru ara nínú ọpọlọ wá di oníjàǹbá: ooru kékeré báyìí, á pariwo pé ara ń jóná, á sì tú òógùn sílẹ̀. Ẹ ní kí ẹni tó ń ta oògùn yẹn fi ìwé àyẹ̀wò hàn yín kó tó tún gún yín.

Ẹ má bínú, mo fẹ́ yà díẹ̀. Àìsùn yẹn léwu ní ọ̀nà mìíràn. Nígbà tí kò bá sí iná, mo máa ń gbé àga lọ sí ẹ̀yìnkùlé ní nǹkan bí aago méjì òru, màá fi kálẹ́ńdà àtijọ́ máa fẹ́ ara mi. Ìyàwó ayálégbé kan yọjú látojú fèrèsé, ó rí mi nínú òkùnkùn. Ẹ mọ orúkọ tí wọ́n ń pe àgbàlagbà obìnrin tí kì í sùn lóru. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, ọ̀rọ̀ ti dé orí omi. Ẹnìkan tún wá gbà mí nímọ̀ràn pé kí n lọ jẹ́wọ́ níbi ìsọ́-òru! Ẹ tètè pe ọkọ yín àtàwọn ọmọ jókòó, kí ẹ sọ ohun tó ń ṣe yín fún wọn ní gbangba. Ìbínú òjijì, ìgbàgbé, kí àyà máa já, kí oríkèé máa ro, gbogbo rẹ̀ lè bá a rìn. Bí wọn ò bá mọ̀, wọ́n á máa wá ohun mìíràn pè é.

Ṣùgbọ́n ooru kọ́ ló dùn mí jù. Nǹkan oṣù mi ti dá, ó ti lé lọ́dún kan dáadáa, mo ti kó ìyókù páàdì fún ọmọ mi obìnrin. Ni mo bá rí ẹ̀jẹ̀. Kò pọ̀, àbàwọ́n lásán ni. Mo sọ fún ìyá kan ní ìjọ wa, ó pariwo, "Sárà!" Ó ní Jẹ́nẹ́sísì 18 ló ń ṣẹ lára mi. Inú ọkọ mi dùn, Ọlọ́run ló mọ ohun tó ń rò. Nọ́ọ̀sì kan tó máa ń ra ànkárá lọ́wọ́ mi ló là á mọ́lẹ̀ fún mi. Ó ní, "Ìyá mi, tí kò bá ti wá fún ọdún kan gbáko, nǹkan oṣù kọ́ nìyẹn mọ́. Ẹ̀jẹ̀ tó bá tún yọ lẹ́yìn rẹ̀, kódà kó jẹ́ ẹ̀kán kan, kí dókítà wò ó. Ẹ lọ lọ́la."

Mo lọ. Ẹ̀yin náà mọ ilé ìwòsàn wa: ibi tí wọ́n ti ń gba káàdì, ibi tí wọ́n ti ń sanwó, ibi tí wọ́n á ti ní ẹni tó ń gba owó ti lọ jẹun. Dókítà tí mo bá kò gbé ojú kúrò lára fóònù rẹ̀. Ó ní, "Màámi, àgbà ló dé. Ẹ lọ máa sinmi," ó kọ fítámì fún mi. Mi ò dìde. Mo ní, "Dókítà, ẹ̀jẹ̀ ni mo sọ, mi ò sọ pé ó rẹ̀ mí." Ìgbà yẹn ló tó kọ síkáànù, èyí tí wọ́n ń ti ojú ara fi ọ̀pá kékeré wò. Ọmọkùnrin tó ń ṣe é ń rẹ́rìn-ín, ó ń bèèrè bóyá mo ṣì ń sún mọ́ ọkọ mi. Irú ìbéèrè wo nìyẹn, tẹ́rìn-ín tẹ́rìn-ín? Wọ́n ní awọ inú ilé ọmọ mi nípọn. Bó bá jẹ́ mìlímítà mẹ́rin tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀, ọkàn á balẹ̀. Tèmi kọjá bẹ́ẹ̀ dáadáa. Wọ́n ní àwọn máa bù díẹ̀ nínú rẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ó máa dùn. Ó dùn mí, ó fún mi nínú bí ìrọbí. Ẹ ní kí wọ́n fún yín ní oògùn ìrora ṣáájú, ẹ̀tọ́ yín ni.

Ohun tí mi ò lè gbàgbé ni pé èmi fúnra mi ni wọ́n gbé ìgò náà lé lọ́wọ́. Ìgò kékeré onídèrí pupa, omi tí kò láwọ̀ ló wà nínú rẹ̀, ẹran ara mi ń léfòó níbẹ̀. Wọ́n ní kí n gbé e lọ sí láàbù mìíràn, lọ́nà jíjìn. Mo fi náírọ́nù dúdú wé e, mo wọ Micra, mo gbé e lé itan. Ẹni tó jókòó tì mí ń jẹ bọ̀ọ̀lì, ó fi lọ̀ mí. Mo ní ẹ ṣeun. Mo dé láàbù, wọ́n ní orúkọ tó wà lára ìgò kò bá ti ìwé mu, kí n padà lọ tún un kọ. Lẹ́yìn náà, ìdúró. Wọ́n ní ẹni tó máa fọwọ́ sí i kò sí nílé, wọ́n ní wọ́n ń yanṣẹ́ lódì, wọ́n ní kí n pè, bí mo bá pè wọn kì í gbé e. Mi ò lè tajà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í pín aṣọ mi lọ́kàn, èwo ni ti àkọ́bí, èwo ni ti àbíkẹ́yìn. Nígbà tí èsì jáde, ẹran kékeré lásán ló hù síbẹ̀, pólípù ni wọ́n ń pè é, kì í ṣe jẹjẹrẹ. Wọ́n yọ ọ́, ó tán.

Kí ẹ̀rù má bà yín o: nínú obìnrin mẹ́wàá tó bá rí ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn tí nǹkan oṣù ti dá, nǹkan bíi mẹ́sàn-án ni kì í ṣe jẹjẹrẹ. Àmọ́ nínú mẹ́wàá tí jẹjẹrẹ ilé ọmọ bá mú ní ọjọ́ orí yìí, nǹkan bíi mẹ́sàn-án ló rí ẹ̀jẹ̀ náà. Ìdí nìyẹn tí ẹ kò fi gbọ́dọ̀ gbà kí wọ́n fi fítámì lé yín lọ. Tiyín kò tíì dá, ìyẹn yàtọ̀. Ségesège ló máa ń ṣe fún ọdún mélòó kan kó tó lọ pátápátá. Síbẹ̀, bó bá ń dà bí omi ẹ̀rọ, tó ń já ní kókó-kókó, tàbí tó ń yọ lẹ́yìn ìbálòpọ̀, ẹ lọ. Kí wọ́n sì wo bí ẹ̀jẹ̀ ara yín ṣe tó.

Ó dáa, àyẹ̀wò họ́mónù. Ẹni tó bá ti lé ní 45, tí nǹkan oṣù rẹ̀ ń ṣe ségesège, tí ooru sì ń gbé e, kò nílò rẹ̀. Họ́mónù náà ń gòkè ó ń sọ̀ kalẹ̀ lójoojúmọ́, nọ́ńbà tòní lè yàtọ̀ sí tọ̀la. Ẹni tí kò tíì pé 40 ni kí wọ́n ṣe é fún láìjáfara. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi owó yẹn wo ṣúgà àti thyroid yín, ìyẹn ẹ̀yà ara kékeré kan lọ́rùn tó ń pèsè họ́mónù, torí thyroid náà máa ń mú kí ara gbóná, kí àyà máa já. Àyẹ̀wò oyún, ẹ ti ṣe ìyẹn, mo mọ̀.

Oògùn àbúrò yín: ẹ má tíì lẹ̀ ẹ́. Mi ò sọ pé oògùn náà burú. Ìdẹ́rùbà tí àwọn kan ń tàn kiri, inú ìwádìí ńlá tí wọ́n dá dúró ní Amẹ́ríkà ní 2002 ló ti wá, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ àwọn obìnrin inú rẹ̀ ti lé ní 60, 63 ni ìpíndọ́gba ọjọ́ orí wọn. Fún ọ̀pọ̀ obìnrin tí kò tíì pé 60, tí nǹkan oṣù wọn kò sì tíì dá ju ọdún mẹ́wàá lọ, àǹfààní rẹ̀ ju ewu rẹ̀ lọ, kò sì sóhun tó ń lé ooru yìí tó o. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ti àbúrò yín ni, kì í ṣe tiyín. Bí wọ́n bá ti yọ ilé ọmọ rẹ̀, estrogen nìkan ló máa wà nínú rẹ̀. Ẹ̀yin ṣì ní ilé ọmọ. Bí ẹ bá lo estrogen láìsí progesterone, họ́mónù obìnrin kejì, pẹ̀lú rẹ̀, awọ inú ilé ọmọ á máa nípọn, ibẹ̀ ni jẹjẹrẹ ti ń wọlé. Ẹni tó ti ní jẹjẹrẹ ọmú rí, tí ẹ̀jẹ̀ ti dì nínú iṣan ẹsẹ̀ tàbí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ rí, tó ti ní rọpárọsẹ̀, tàbí tí wọn kò tíì mọ ìdí ẹ̀jẹ̀ tó ń yọ lára rẹ̀, kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Ẹ sì jìnnà sí tíì "hormone balance" tí wọ́n ń tà lórí WhatsApp. Kídìnrín àti ẹ̀dọ̀ ni yóò san gbèsè rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan tún kù tí ojú máa ń tì wá láti sọ. Ojú ara lè máa gbẹ, kí ó máa ta. Ẹ má fi álọ́ọ̀mù sí i, ẹ má fi Izal fọ̀ ọ́. Ńṣe ló ń bà á jẹ́ sí i. Jẹ́ẹ̀lì olómi wà ní ilé oògùn gidi, ìpara estrogen tí wọ́n ń fi síbẹ̀ náà wà tí dókítà lè kọ. Bí ẹ bá ń lo kọ́ńdọ̀mù, ẹ má fi Vaseline tàbí àdín pa á, á bẹ́. Ẹ sì nílò ìfètò-sọ́mọ-bíbí o! Bí nǹkan oṣù bá dá kí ẹ tó pé 50, ẹ retí ọdún méjì gbáko kí ẹ tó ní ó parí. Bó bá jẹ́ lẹ́yìn 50, ọdún kan tó. Ọ̀rọ̀ àwọn ìyá wa pé inú obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dá á wú bó bá sún mọ́ ọkọ, irọ́ ni. Inú tó bá ń wú, ẹ gbé e lọ síwájú dókítà, ẹ má sọ pé ọkọ ló fà á.

Egungun ńkọ́? Láti ìsinsìnyí ló ń bẹ̀rẹ̀ sí í fúyẹ́. Ẹ máa jẹ ẹja kéékèèké teegunteegun, wàrà, ẹ̀fọ́, kí ẹ sì máa fi ẹsẹ̀ rìn.

Ẹ wo ara páálí oògùn àbúrò yín, kí ẹ kọ orúkọ tó wà níbẹ̀ sí ìwé, kí ẹ gbé e dání lọ bá dókítà pẹ̀lú ọjọ́ tí nǹkan oṣù dé àti ọjọ́ tó lọ. Ẹ kò kọ iye tí BP yín jẹ́. Ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́.