Èsì: Kí ló dé tí rugby league ò fi tàn ká bíi union?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní kí ló dé tí league ò fi tàn ká bíi union, oríṣi rugby méjì tó wà, ọ̀rọ̀ owó ni o. Ní 1895, àwọn kílọ́ọ̀bù àríwá Ìngìláńdì, níbi tó jẹ́ pé awakùsà àtòṣìṣẹ́ fákitírì ló ń gbá a, ní kí wọ́n máa san owó iṣẹ́ tí wọ́n ń pàdánù torí bọ́ọ̀lù, àwọn ọ̀gá rugby ní irọ́ ni, àwọn ò gbà, ni àwọn kílọ́ọ̀bù yẹn bá pàdé ní Huddersfield, wọ́n yapa, tiwọn ló wá di league, tàwọn tó kù ni union. Union ò gbà kí wọ́n sanwó títí di 1995! Àmọ́ iléèwé olówó àti sójà ti gbé union káyé. Ẹ ṣáà dé Sydney kẹ́ ẹ wò ó, league ló ni ìgboro. Martin Offiah tóbìí ẹ̀ jẹ́ ọmọ Naijá gan-an, inú union ni Widnes, kílọ́ọ̀bù league, ti wá mú u ní 1987. Èmi o, league ni tèmi, wọ́n á gbé ẹ lulẹ̀, o dìde, o fẹsẹ̀ yí bọ́ọ̀lù sẹ́yìn, eré ń lọ, kò sí pé èèyàn 16 ń tira wọn bíi ti union, bí ẹni ń ti dánfó.